Bí Wọ́n Ṣe Ti Mọ́tò Pupa Ọmọ Mi ní Dùgbẹ̀

Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ mi ọkùnrin ń tún mọ́tò pupa rẹ̀ ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò wa ní Bódìjà máa ń kí. Wọn kì í rí orí, wọn kì í rí àyà. Ẹsẹ̀ méjì ló máa ń yọ lábẹ́ mọ́tò, ọ̀kan wọ sálúbàtà, èkejì kò wọ nǹkan kan, nítorí ó ti fi sálúbàtà kejì há táyà kó má baà yí.

Ẹni tó bá ń kọjá á dúró lẹ́nu géètì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà!"

Ẹsẹ̀ á mì díẹ̀. Ohùn á wá láti abẹ́ lọ́hùn-ún. "Ẹ ṣé o. Ẹ kú ìrìn."

"Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀ yẹn."

Èmi nìyẹn lórí àpótí mi nínú ìbòòji. Mo ti gbọ́, mo ti dáhùn tèmi. Wọ́n á tún béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, kí wọ́n tó kí i tán, nọ́ọ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ti bọ́ sínú iyanrìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé kejì sí tiwa nígbà náà, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó wá kí ẹ̀gbọ́n àdúgbò lọ́jọ́ kan, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì.

Mo ní, "Ọmọ mi, dìde, kò rí ọ."

Ó ní, "Màmá, Ọlọ́run rí mi."

Ẹ jẹ́ kí n júwe mọ́tò náà. Aládùúgbò wa kan tó ń kó lọ sí òkè-òkun ló tà á fún un. Ó ti pẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá ọkùnrin náà, débi pé adìẹ ti ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, àga méjì péré. Imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, ó sì sún mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Wọ́n ní spọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, wọ́n ní eré ni wọ́n ṣe é fún. Láti ìgbà tó ti wọ ilé wa, eré kan ṣoṣo tí mo rí tó sá ni ti ọjọ́ tí bírèkì kò mú, tó yí lọ fúnra rẹ̀ títí tó fi lọ kọ lu ògiri ilé ìdáná.

Síbẹ̀ inú mi dùn sí i. Kí mọ́tò yẹn tó dé, ọmọ mi ti dákẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe ní Sẹkitéríàtì láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n dágbére fún un, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún un ní aago ògiri. Ó gbé aago wálé, ó jókòó sí pálọ̀, ó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n tí kò tàn. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, "Hẹn" ni.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Hẹn."

"Ṣé o ò tíì jẹun ni?"

"Hẹn."

Ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Èmi tí mo bí i mọ̀ pé ohun kan ṣe é. Ọmọ tó jẹ́ pé ní kékeré, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́ kí n lè kírun. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé kẹta á mọ̀. Òun náà ló wá di ẹni tó ń sọ "Hẹn" yìí, ẹ̀rù sì bà mí gidi, nítorí mo ti rí àwọn ọkùnrin tó fẹ̀yìn tì tí wọ́n dákẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Ìgbà tí mọ́tò dé ló yanu. Mọ́tò ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá mi: "Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Níbo ló ń dùn ẹ́?" Mo ní alihamudulilahi, ó ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń bá èmi náà sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ plọ́ọ̀gì àti rédíétọ̀ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí mọ́tò náà kúrò nílé, ì báà jẹ́ pé kò ní rìn láéláé.

Kò gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Èyí tó kọ́kọ́ pè wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alàgbà, ẹ tà á fún àwọn oní-kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù," ìyẹn àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó ní òun fúnra òun ló máa tún un ṣe. Orí fóònù ló ti ń kọ́ ọ. Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń tú irú mọ́tò náà palẹ̀, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ mọ́ ju ilé ìdáná wa lọ. Òyìnbó á fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì á jáde. Ọmọ mi á fọwọ́ kan tiwa, nọ́ọ̀tì á máa wò ó. Á da kẹrosíìnì sí i, á fi í sílẹ̀ di àárọ̀, á padà wá bẹ̀ ẹ́. Òyìnbó yẹn kò bá irin tó dógùn-ún nínú òjò Ìbàdàn pàdé rí.

Gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá tú, inú kíréètì ẹyin ló ń tò wọ́n sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀. Ó ní ihò kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí tirẹ̀ ti wá. Kíréètì kò wá tó mọ́. Ẹyin la jẹ láàárọ̀, ẹyin la jẹ lálẹ́, kó lè rí ibi kó nǹkan sí. Ìwọ ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ wà ní Agbowó lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ nígbà náà, orí ló kó ọ yọ.

Ìyàwó ọmọ mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, á jí, á dáná, á wakọ̀ tirẹ̀ lọ, á wakọ̀ bọ̀. Kò bínú sí ẹyin. Kò bínú sí kọ́tíìnì tí wọ́n fi ọwọ́ dúdú kàn. Ọ̀rọ̀ abọ́ ló dá ìbínú sílẹ̀, ọjọ́ bírèkì sì ni.

Ọkọ rẹ̀ fẹ́ yọ afẹ́fẹ́ tó há sínú bírèkì lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ yẹn gba èèyàn méjì: ẹnì kan á jókòó síwájú, á máa tẹ bírèkì, ẹnì kejì á wà nílẹ̀ nídìí táyà, á máa tú nọ́ọ̀tì kékeré kan kí afẹ́fẹ́ lè bá ọ́ìlì jáde. Kò sí ẹlòmíràn nílé. Ó wò mí. Èmi náà wò ó.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa bá mi tẹ̀ ẹ́."

"Èmi tí n kò gun kẹ̀kẹ́ rí?"

"Ṣebí ẹ tẹ máṣìnnì ìránṣọ títí ẹ fi tọ́ wa dàgbà. Ohun kan náà ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ mọ́tò náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe mọ́tò tí èèyàn ń wọ̀, èèyàn ń já sínú rẹ̀ ni. Mo kọ ìdí sí i, mo fi ara sílẹ̀, mo ń lọ, mo ń lọ, mo rò pé n kò ní kan àga mọ́. Nígbà tí mo jókòó tán, orúnkún mi ni mo ń wò lójú.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́!" ni ohùn sọ láti ìsàlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ mú un mọ́lẹ̀!" Mo mú un mọ́lẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Mo fi í sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi rántí máṣìnnì. Mo bá a lọ, tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀, bí ẹni tí oníbàárà dúró dè lọ́jọ́ ọdún.

"Màmá! Ẹ rọra! Aṣọ kọ́ lẹ ń rán!"

Mo bá rọra. Mo rọra débi pé oorun gbé mi lọ, ẹsẹ̀ mi sì wà lórí bírèkì. Mo gbọ́ "Ẹ fi í sílẹ̀!" nínú oorun, mo rò pé ẹnì kan ló ń bá ẹlòmíràn jà lójú àlá. Kí n tó lajú, ọ́ìlì ti wẹ ọmọ mi láti irun dé àgbọ̀n.

Bí ìyàwó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé bá wa nìyẹn: ọkọ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ìyá ọkọ rẹ̀ wà nínú mọ́tò, kò lè jáde. Wọ́n fà mí, ọkọ mú apá ọ̀tún, ìyàwó mú apá òsì, ẹ̀rín sì pa gbogbo wa. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ níbi táyà, tó rí abọ́ ńlá tó fi ń fọ ẹ̀wà. Ọ́ìlì dúdú ló kún un. Ẹ̀rín náà dá lójijì.

Nídìí oúnjẹ alẹ́ ló tó sọ̀rọ̀.

"Dádì, títí dìgbà wo?"

"Ó kù díẹ̀ báyìí kó parí."

"Ohun tí ẹ sọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òjò ti dá. Dádì, ọkùnrin odindi ni mo fẹ́. Ẹsẹ̀ méjì ló kù sí mi lọ́wọ́. Tí mo bá fẹ́ bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, mo ní láti lọ lọ́sọ̀ọ́ síta." Ó fa abọ́ ọbẹ̀ súnmọ́ra. "Àwọn oní-kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù kan tún béèrè rẹ̀ lẹ́nu géètì láàárọ̀ yìí. Mo ní kí wọ́n padà wá ní Jímọ̀."

Ọmọ mi gbé òkèlè sílẹ̀. Kò jà. Ó ní, "Hẹn."

Hẹn yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Hẹn pálọ̀ ni. Mo bá gba ọ̀rọ̀ náà sọ kí ó tó tutù. Mo ní àbúrò mi ń retí mi ní Challenge ní ọjọ́ Alámísì. Mo ní kó fi mọ́tò náà gbé mi lọ, kó sì gbé mi bọ̀. Bó bá rìn ín, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Bí kò bá rìn ín, Jímọ̀ kò jìnnà.

Ìyàwó rò ó. Ó ní, "Láìtì í o. Mo mọ mọ́tò Ìbàdàn. Kí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ tì í lójú ọ̀nà, ó ti lọ nìyẹn."

Ọmọ mi gbé òkèlè padà. "Mo gbà."

Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ẹrù bóyá ìbàdí rẹ̀ gbà. Ẹrù náà sì ni èmi.

Láàárọ̀ Alámísì, ó fọ mọ́tò, ó wo omi, ó wo ọ́ìlì, ó wo táyà, ó tún wo omi. Ìyàwó ń lọ síbi iṣẹ́, ó dúró, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mú fóònù yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ni fóònù wà tó ń jẹ iná, ṣùgbọ́n n kò mọ̀.

A gbéra. Mọ́tò náà rìn! Ó gba iwájú Sẹkitéríàtì kọjá, àwọn tó ń ṣọ́ géètì rí ọ̀gá wọn àtijọ́, wọ́n sàlúùtù, ọmọ mi tẹ fèrè dá wọn lóhùn. Fèrè náà ń dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ṣùgbọ́n ó fi ìgbéraga tẹ̀ ẹ́. Ní Mọ́kọ́lá, àwọn ọlọ́kadà ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ fún un níná!" Èmi kò rí Mọ́kọ́lá. Níbi tí mo jókòó sí, táyà tákísí ni mò ń bá ṣe ojúkojú. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀, kò sinmi: ohun tó ṣe sí jíà, ohun tó ṣe sí kílọ́ọ̀ṣì. Mo ń sọ "Ehn-ehn, o ṣeun," n kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ yé.

Dùgbẹ̀ la ti há. Mọ́tò níwájú, mọ́tò lẹ́yìn, oòrùn lórí, ooru ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀. Mo rí i pé ọmọ mi ti dákẹ́. Ó ń wo abẹ́rẹ́ kékeré kan tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn, tó ń gòkè níwájú rẹ̀. Èéfín funfun yọ ní imú mọ́tò, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò pẹ́ tó fi padà wá. "Màmá, kò sí nǹkan kan. Wáyà fáànù ló yọ, mo ti fi padà. Ká kàn fún un láyè díẹ̀ kó tutù, á jí fúnra rẹ̀."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ti ń jinná."

Ó bá fa àga mi sẹ́yìn, mo sùn gbalaja, ó tú gèlè mi, ó mú páálí kan, ó ń fẹ́ mi. Ó ń fẹ́ mi lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì pa mọ́tò lórí pé, "Jọ̀ọ́, má dójú tì mí. Jọ̀ọ́. Má ṣe èyí lójú gbogbo Dùgbẹ̀." Bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́ bíi ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé, ló bá pa mí lẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí eyín mi ti dín, ẹ̀rín mi kì í ní ohùn. Mo máa ń gbọ̀n ni, omi á máa bọ́ lójú mi.

Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ wo inú mọ́tò. Ó bojú wò mí, ó ju igbá omi sílẹ̀. "Yéè! Ẹ gbà wá o! Màmá yìí ń gbọ̀n!"

Ọmọ mi ní, "Rárá, rárá, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín."

"Ẹ̀rín? Ẹ̀rín tí ojú ń yí? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tan ara yín jẹ."

Kí n tó mí, èrò ti pé. Àwọn ọkùnrin ń bọ́ sílẹ̀ láti inú tákísí. Wọ́n ní ọsibítù la ń lọ, mọ́tò wá kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ní ìlú tiwa yìí, kò sẹ́ni tó lè rí mọ́tò tó kú kó má tì í. Ó wà lára wọn. Tí aláìsàn bá tún wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká tì í!"

Ọmọ mi sáré lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó na apá méjèèjì lé bùútù bí adìẹ tó ràdọ̀ bo ọmọ. "Ẹ má tì í! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Gbogbo wọn dúró. Ọkùnrin kan ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o? Ìyá yín ń lọ, ẹ ní ká má ti mọ́tò?"

"Ó máa jí fúnra rẹ̀!"

"Ìyá yín?"

"Mọ́tò!"

Bàbá àgbà kan tó wọ fìlà funfun bá wọn dá sí i. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ìdààmú ni. Bí ìyá bá ti ń ṣàìsàn, bí àwa ọkùnrin ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ gbé e wọlé." Wọ́n gbé e, wọ́n gbé ọmọ mi tó ti di bàbá ọlọ́mọ, wọ́n fi í sídìí ọwọ́ mọ́tò. Mo fẹ́ la ẹnu pé ara mi le, obìnrin olómi ti da omi tútù lé mi lórí. "Màmá, ẹ má sùn o! Ẹ má sùn!" Níbi tó tutù dé, ta ló fẹ́ sùn? Ẹ̀rín tún gbé mi, mo tún gbọ̀n, ariwo tún sọ. Ẹnì kan ń ké pe Ọlọ́run Alláhù, ẹlòmíràn ń ké pe Jésù. Mo ṣe àmín sí méjèèjì.

Wọ́n tì í. Kí ni ọmọ mi á ṣe? Ó fi jíà sí i, ó tú ẹsẹ̀ lára kílọ́ọ̀ṣì, mọ́tò ta gìjà, ó sì bú sóhùn. Gbogbo Dùgbẹ̀ hó yèè. Ọ̀gbẹ́ni tó ń darí ọkọ̀ dá gbogbo mọ́tò yòókù dúró, ó la ọ̀nà fún wa gbọọrọ, ó tún ń juwọ́ pé ká sáré. Láti ìgbà tí mo ti ń gba Dùgbẹ̀ kọjá, wọn kò la ọ̀nà fún mi bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a dé apá Ìyágankú tó dákẹ́ rọ́rọ́, ọmọ mi ní, "Wọ́n ti tì í, Màmá."

"Ta ni? Èmi kò rí ẹnì kankan."

"Màmá."

"Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Dókítà gan-an sọ bẹ́ẹ̀."

"N kò lè purọ́ fún un, Màmá."

Mo mọ̀ pé kò lè ṣe é. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn nìkan ló dùn mí pé mo kọ́ ọ. A gba Ring Road, a dé Challenge, mọ́tò ń rìn jẹ́jẹ́ bíi pé kò ṣe nǹkan kan.

Àbúrò mi jáde, ó rí mi tí omi ń kán lára mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú odò lẹ gbà wá ni?" Ó fún mi láṣọ, ó gbé mọ́ínmọ́ín síwájú wa. Ó kọjú sí ọmọ mi. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọmọ mi ní, "Hẹn."

Mo wo ojú rẹ̀, ojú pálọ̀ ni. Mo ní ó ti tán nìyẹn, wọ́n á gbé mọ́tò lọ, èmi àti Hẹn á tún jọ máa gbé. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ àbúrò mi. Ojú tirẹ̀ kì í kúrò lára ọ̀rọ̀.

"Hẹn kí ni? Ta ló da omi lé ẹ̀gbọ́n mi lórí?"

"Obìnrin kan ní Dùgbẹ̀ ni."

"Kí ló dé tó fi dà á?"

"Ó ní kí wọ́n má sùn."

"Lójú títì? Ṣé Màmá tẹ́ ẹní sí ojú títì ni?"

Mo rí i tí igun ẹnu ọmọ mi yẹ̀. Ó ní, "Rárá, ṣé ẹ rí i..." Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó dìde kó lè ṣàlàyé bí bàbá onífìlà ṣe dúró. Ó ṣe bí obìnrin olómi, ó ju igbá sílẹ̀. Ó na apá lé àga pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Àbúrò mi di ikùn mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró kí òun mí. Ọmọ mi náà wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, tí ilé kẹta ń gbọ́.

Ojú fèrèsé ni mo jókòó sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàwó lẹ́nu géètì, bàtà ọ́fíìsì rẹ̀ wà lọ́wọ́, ìborùn rẹ̀ ti ṣí sí èjìká. A kò tíì mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló jáde ra oúnjẹ, ó rí mọ́tò pupa tí gbogbo wọn mọ̀, ó sáré wọlé lọ sọ fún un pé wọ́n ti ń gbé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù, pé kò dájú pé yóò yè é. Ó pe ọkọ rẹ̀, fóònù wà lábẹ́ àga mọ́tò. Ó pe èmi, orí bẹ́ẹ̀dì ló dún sí. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó wá mi dé ọsibítù kan, ó wá mi dé ìkejì, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé ta ló rí ìyá arúgbó kan nínú mọ́tò kékeré. Ìgbà tí kò rí wa ló wá pe àbúrò mi, ẹ̀rín kò jẹ́ kí a gbọ́ fóònù yẹn náà, ló bá wakọ̀ wá sí Challenge fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́ pè é wọlé, mo bá rí i pé ó ń tẹ́tí. Ohùn ọkọ rẹ̀ ló ń gbọ́. Kò rìn mọ́. Ó dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ tí wọ́n ń pè é láti ọ̀nà jíjìn. Ó rọra súnmọ́ mọ́tò pupa kó lè wọ bàtà rẹ̀, ó fi ìdí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, etí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wa.

Ẹ́ńjìnnì náà kò tíì tutù. Igbe tó ké, àwọn ará Challenge á ṣì rántí rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ di ìdí mú wọlé, ó wò mí, ó wo mọ́ínmọ́ín. "Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Mo ti wá yín kiri láàárín àwọn tó ń kú lọ, ẹ wà níbí, ẹ ń jẹ mọ́ínmọ́ín!" Ó dì mọ́ mi, ó tún bá mi wí, ó tún dì mọ́ mi.

Ọmọ mi dìde níwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. "Mọ́mì, wọ́n tì í. Mo ní kí wọ́n má tì í, wọ́n ṣáà tì í. Àdéhùn ni. Kí wọ́n wá gbé e ní Jímọ̀."

Àbúrò mi wò mí, mo wo ilẹ̀. Ìyàwó béèrè omi, ó mu ún tán, ó rọra jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan àga, nítorí ẹ̀gbẹ́ kejì ti jóná.

Ó ní, "Ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀ mọ́tò? Ẹ ṣe ibi tí ẹ ti na apá bí adìẹ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ẹnu géètì, mi ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa."

Ó ṣe é. Ó ṣe é ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó fi àwọn kan kún un tí kò ṣẹlẹ̀ rárá, n kò bá a jiyàn.

Ìyàwó kò lè wakọ̀ tirẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ó fi í sílẹ̀ ní àgbàlá àbúrò mi. Àga méjì péré sì ni spọ́ọ̀tì ní, nítorí náà èmi sùn ní Challenge, òun wọ mọ́tò pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Mo dúró láti wò ó bó ṣe ń já sínú rẹ̀. Ó ní, "Yéè, Dádì, níbo ni ilẹ̀ wà?" Mọ́tò náà jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀ Jímọ̀ kí ìyàwó tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n jọ padà wá gba mọ́tò rẹ̀. Ó ní àwọn oní-kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù ti tètè dé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, òun sì ti sọ fún wọn pé ó dùn òun pé wọ́n rìn lásán. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé fèrèsé ẹ̀gbẹ́ òun kò gòkè tán, afẹ́fẹ́ ti da ìborùn òun rú láti Bódìjà, kí ọkọ òun tún un ṣe kíákíá.

Ọmọ mi ní iṣẹ́ yẹn gba èèyàn méjì. Ẹnì kan á tú inú ilẹ̀kùn, ẹnì kejì á di dígí mú láti ìta kó má baà jábọ́ sínú.

Ìyàwó wo èékánná ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo dígí. Ó ní, "Màá dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa pariwo mọ́ mi bí ẹ ṣe ń pariwo mọ́ Màmá o."